Ọjọ́ tí Wọ́n Pààrọ̀ Bààlúù Mọ́ Wa Lọ́wọ́

Èmi ni mo kọ́kọ́ dárúkọ bààlúù fún Súlìyát. Ẹ jẹ́ kí n ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé mo fi ẹ̀bi ara mi pamọ́. Ọdún 1977 ni, nígbà tí owó epo ń ṣàn ní Nàìjíríà, tí àwọn èèyàn ń wọ bààlúù bí ẹni ń gun kẹ̀kẹ́. Báńkì kan ló gbé Dáhùnsí, ọkọ mi, wá sí Onitsha, a sì ń gbé ní GRA, nínú ilé tí ọgbà rẹ̀ tóbi ju ìlò wa lọ. Mo ti wọ bààlúù lẹ́ẹ̀mẹta nígbà náà, kò sì sí ẹni tó jókòó tì mí fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí kò gbọ́ nípa rẹ̀.

Súlìyát ò ní àṣejù bẹ́ẹ̀ lára. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá rẹ̀, ṣùgbọ́n Onitsha ni wọ́n bí òun sí, ibẹ̀ ló sì ti mọ ọjà. Nígbà tí ogun dé, wọ́n sá lọ sílé. Nígbà tí ogun parí, tí àwọn ará ilé ń sọ pé orí rẹ̀ kò pé tó bá padà, òun àti Yẹ̀kínì ọkọ rẹ̀ di ẹrù, wọ́n padà. Ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ̀ ní Main Market ti jóná kanlẹ̀. Orí tapólì ló ti ń ta aṣọ nínú òjò nínú oòrùn títí wọ́n fi tún ọjà náà kọ́. Ìgbà tí mo mọ̀ ọ́n, ó ti ní ṣọ́ọ̀bù onílẹ̀kùn méjì, léèsì àti àǹkárá kún inú rẹ̀ dé òrùlé. Èdè Ìgbò dá ṣáká lẹ́nu rẹ̀ débi pé oníbàárà á ti ra aṣọ tán, á ti fẹ́ máa lọ, kó tó rántí bi í pé ọmọ ìlú ibo ni. Ó lẹ́nu, ó sì gbóná lára. Aṣọ ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ẹnu rẹ̀ ló sọ wá di ọ̀rẹ́. Ó fi ọdún mẹ́rin jù mí lọ, nítorí náà Àǹtí ni mo ń pè é, òun sì ń pè mí ní Ìyàwó Báńkì.

Ohun kan ṣoṣo ni mo mọ̀ tó ń bà á lẹ́rù: ọ̀nà Benin sí Ọ̀rẹ̀. Lọ́dún tó ṣáájú, ọkọ̀ akẹ́rù kan takìtì níwájú tiwọn lọ́nà yẹn, ó sì fi ojú ara rẹ̀ rí àwọn tí wọ́n fà yọ nínú rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, tí wọ́n bá ti ní kó wá sílé, orí á bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọ.

Àfi bí ìyá Yẹ̀kínì ṣe ránṣẹ́ láti Ògbómọ̀ṣọ́ pé ara òun kò yá mọ́, òun fẹ́ rí Nàfísàt kí òun tó kú. Nàfísàt ni àkọ́bí wọn, ọmọ ọdún mẹ́fà, ìyá àgbà kò sì fojú kàn án rí. Yorùbá tí ọmọ náà gbọ́ kò ju èyí tó lè fi kí èèyàn, tó sì lè fi tọrọ ẹran lọ. Ìgbò ló fi ń ṣeré, òun ló fi ń jà, òun náà ló fi ń sọ̀rọ̀ lójú oorun. Àbúrò rẹ̀, Yúnúsà, kò tíì ju ọmọ oṣù mẹ́jọ lọ.

"Àǹtí, kí lẹ ń bá ọ̀nà Ọ̀rẹ̀ fà?" ni mo sọ. "Bààlúù wà ní Enugu. Láàárín wákàtí kan, ẹ ti dé Ìkẹjà. Èmi náà ń lọ rí Afọlábí ẹ̀gbọ́n mi lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ká jọ lọ, òun á fi mọ́tò rẹ̀ gbé yín dé Ògbómọ̀ṣọ́."

"Ìyàwó Báńkì, bó bá já bọ́ ńkọ́?"

"Tó bá já bọ́, a jọ lọ náà nìyẹn."

Ẹ̀rín pa wá. Ọjọ́ kejì ló fún mi lówó tíkẹ́ẹ̀tì.

Nígbà tó di ọjọ́ ìrìn-àjò, a wọ Peugeot 504 kan ní kùtùkùtù, a sì dé pápá bààlúù ní Enugu kí oòrùn tó mú. Ibẹ̀ kún fọ́fọ́. Wọ́n fún wa ní káàdì mẹ́ta, ìjókòó mẹ́ta tó tẹ̀ léra, Yúnúsà á wà lórí itan ìyá rẹ̀. Súlìyát fi ìka tọ nọ́ḿbà orí káàdì náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ní ó dáa.

Kò pẹ́ tí òṣìṣẹ́ kan jáde sí wa pẹ̀lú bírò létí. Ó ní bààlúù ńlá tó yẹ kó gbé wa ti bàjẹ́ l'Ékòó, pé kékeré kan ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀, nítorí náà káàdì ọwọ́ wa kò wúlò mọ́. Ó gbà wọ́n, ó fa igi lé nọ́ḿbà orí wọn, ó sì ń kọ òmíràn bó ṣe wù ú. Nígbà tó kan wa, ó fi èmi àti Súlìyát sí ìlà tó gbẹ̀yìn pátápátá. Ó fi Nàfísàt síwájú, lẹ́bàá àwọn awakọ̀.

"How you go put small pikin for front, put the mama for back?" ni mo bi í.

"Madam, na small plane. Who carry baby go sit for back. The girl get her own ticket, so she get her own seat."

Mo bá a jà. Mo ní kó pe ọ̀gá rẹ̀ wá, ó ní òun gan-an ni ọ̀gá. Nígbà tá a wọlé, mo bẹ ọkùnrin tó jókòó ti Nàfísàt pé kó jọ̀ọ́, kó wá jókòó sí ààyè mi lẹ́yìn. Ó wò mí láti òkè ìwé ìròyìn rẹ̀, ó ní òun fẹ́ràn iwájú. Mo pa òṣé sí i létí, mo lọ jókòó.

Láti ẹ̀yìn níbẹ̀, orí Nàfísàt nìkan là ń rí, pẹ̀lú ríbọ́ọ̀nù pupa tí wọ́n so mọ́ irun rẹ̀. Ó yíjú wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀mẹta, ìyá rẹ̀ sì juwọ́ sí i lẹ́ẹ̀mẹta. Súlìyát gbá Yúnúsà mọ́ra. Ó bi mí pé bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ lókè, báwo lòun ṣe máa dé iwájú lọ mú ọmọ òun. Mo ní kò sí nǹkan tó máa ṣẹlẹ̀ lókè.

Òótọ́ ni mo sọ, torí ilẹ̀ ló ti ṣẹlẹ̀. Òṣìṣẹ́ oníbírò yẹn ló tún gun àtẹ̀gùn wá, òógùn bò ó, ó sì nàka sí wa.

"Una two wey dey last, abeg come down. One big man and him wife must reach Lagos now-now. Another plane dey come four o'clock."

Inú bí mi débi pé n kò ríran mọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í to ọ̀rọ̀ lé e lórí: tíkẹ́ẹ̀tì mi, báńkì ọkọ mi, ẹ̀gbọ́n mi l'Ékòó. Súlìyát ló rántí ohun tó yẹ kéèyàn rántí.

"My pikin dey front," ló ń sọ. "The girl wey tie red ribbon."

"No wahala. Go down first, make road clear. I go carry am come meet you."

Ọ̀nà àárín ìjókòó há, ọkùnrin náà àti ìyàwó rẹ̀ ti dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn tí wọ́n ń wò wá. A sọ̀ kalẹ̀. Súlìyát pọn Yúnúsà, èmi gbé àpò. Ìbínú kò jẹ́ kí n ronú pé kí ọ̀kan nínú wa dúró. Mo ti bi ara mi ju ẹgbẹ̀rún ìgbà lọ pé kí ló dé tí n kò fi àpò yẹn sílẹ̀ kí n lọ mú ọmọ náà lọ́wọ́.

A dúró nínú oòrùn, a ń wo ẹnu ilẹ̀kùn. Òṣìṣẹ́ náà jáde, òun nìkan, ó ń ka ìwé kan bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀.

"Where the pikin?" ni mo pariwo.

Ó gbé ojú sókè, mo sì rí i lójú rẹ̀ pé ó ti gbàgbé. Wọ́n ti ń fa àtẹ̀gùn kúrò. Nígbà tó máa fi yíjú padà, wọ́n ti ti ilẹ̀kùn, abẹ́bẹ̀ lára apá bààlúù ti ń yí, ariwo rẹ̀ sì gba gbogbo pápá kan.

Súlìyát sáré. Mo ti rí obìnrin tó ń sáré fún òjò, mo ti rí èyí tó ń sáré fún olè, n kò rí irú eré yẹn rí. Bàtà rẹ̀ méjèèjì bọ́ sílẹ̀, orí Yúnúsà ń mì lẹ́yìn rẹ̀, ó ń ké "Nàfísàt o! Nàfísàt o!", kò sì sẹ́ni tó lè gbọ́ ọ. Àwọn ọkùnrin méjì ló dì í mú kí abẹ́bẹ̀ náà má baà gé e. Bààlúù sáré lọ sí ìpẹ̀kun pápá, ó padà, ó gbéra. Súlìyát jókòó sórí ọ̀dà gbígbóná, ó ń wo ojú ọ̀run. Omi kò jáde lójú rẹ̀, ìyẹn ló dẹ́rù bà mí jù.

Mo di òṣìṣẹ́ náà lọ́rùn aṣọ mú, mo sì wọ́ ọ dé ọ́fíìsì rẹ̀. Mo ní kó bá Èkó sọ̀rọ̀, torí tẹlifóònù pápá náà ti kú láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, n kò sì lè rí Afọlábí, tó ń retí wa nílé rẹ̀, pè. Ó mú wa lọ sí yàrá tí wọ́n ti ń fi rédíò bá Ìkẹjà sọ̀rọ̀. Òṣìṣẹ́ àgbàlagbà kan ló wà nídìí rẹ̀, ọmọ Ìgbò, oníwà pẹ̀lẹ́. Ó pe Ìkẹjà, ó sì rò fún wọn. Ìkẹjà ní àwọn á fojú sílẹ̀ dè é.

Wákàtí kan àti ààbọ̀ la fi jókòó síbẹ̀. Ẹ má bi mí ní ohun tí mo rò. Mo rí i nínú ọkàn mi bí ọmọ ọdún mẹ́fà yẹn ṣe ń tẹ̀ lé ẹsẹ̀ àwọn èrò jáde sí títì Ìkẹjà. Mo rí ọwọ́ ẹnì kan tó nà sí i. Nígbà náà, kò sí ọ̀sẹ̀ kan tá ò ní gbọ́ ìròyìn gbọ́mọgbọ́mọ. Bẹ́ẹ̀ mo tún ní láti máa sọ fún ìyá ọmọ pé kò séwu.

Ìgbà tí Ìkẹjà máa dáhùn, ọkùnrin ìdí rédíò náà fetí sílẹ̀, ó sì ń wo ilẹ̀.

"The plane don land," ló sọ. "Passengers don go. They dey call the girl for loudspeaker. They don call her name six times. Nobody answer."

Súlìyát dìde dúró. Yorùbá ló fi bá mi sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀ gidigidi.

"Kò ní dáhùn."

"Kí ló dé, Àǹtí?"

"Èmi ni mo kọ́ ọ."

Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Èwo nínú wa ni wọn ò sọ ọ́ fún nígbà tá a wà ní kékeré, pé tí ọmọdé bá gbọ́ tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀, tí kò rí ẹni tó pè é, kò gbọdọ̀ dáhùn? Ní ilé wa, ẹnu lásán ni wọ́n fi ń sọ ọ́. Súlìyát sọ ọ́ di iṣẹ́. Ẹ̀rù gbọ́mọgbọ́mọ ló ń bà á. Ó ní òun máa ń sá pamọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, òun á pe Nàfísàt pẹ̀lú ohùn tó yàtọ̀. Bí ọmọ náà bá ti jẹ́ "màá," òun á gbá a lórí. Ó ní òun ṣe é títí ọmọ náà kò fi jẹ́ mọ́. Tí ó bá ti gbọ́ ohùn tí kò rí ẹnu rẹ̀, abẹ́ ibùsùn ló ń wọ̀, á dákẹ́ jẹ́ẹ́.

"Bí wọ́n ṣe ń pè é yẹn," ló wí, "bẹ́ẹ̀ ló ń sá fún wọn."

Àwọn tó ń wá ọmọ ló ń lé e sá, pẹ̀lú orúkọ rẹ̀ gan-an, nínú ilé tó tóbi bí ọjà. Súlìyát ti dojú kọ ọkùnrin ìdí rédíò, Ìgbò ló fi ń bá a sọ̀rọ̀ wàyí, ó sì ń yára. Díẹ̀ ni mo gbọ́ nínú rẹ̀, ọkùnrin náà ló túmọ̀ ìyókù fún mi. Súlìyát ní kí wọ́n pa gbohùngbohùn yẹn. Kí ẹnikẹ́ni má dárúkọ ọmọ náà mọ́. Kí wọ́n wá obìnrin, obìnrin tó gbọ́ Ìgbò, torí tí ẹ̀rù bá ti ba Nàfísàt, Yorùbá á fò lọ lórí rẹ̀. Kí obìnrin náà máa wo abẹ́ nǹkan àti kọ̀rọ̀. Tó bá rí i, kó jókòó sílẹ̀ kí ọmọ náà lè rí ojú rẹ̀, kó wá sọ pé, "Nne gị na-abịa," ìyá rẹ ń bọ̀.

Ọkùnrin náà tún gbogbo rẹ̀ sọ sínú rédíò láìfo ọ̀kan. Ìkẹjà ní àwọn gbọ́. Lẹ́yìn náà ni rédíò bẹ̀rẹ̀ sí í hó, títí a fi kúrò nínú yàrá yẹn, a kò gbọ́ nǹkan kan mọ́.

Súlìyát kírun ọ̀sán. Ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta torí ó ń gbàgbé ibi tó dé. Ó fún Yúnúsà lọ́mú. Ó wá bi mí pé, tí wọn ò bá rí i ńkọ́, kí lòun máa sọ fún Yẹ̀kínì? Kí lòun máa sọ fún ìyá àgbà tó ní kí wọ́n mú un wá? Mo bú sẹ́kún. Òun ló wá ń rẹ̀ mí lẹ́kún.

Bààlúù dé ní aago mẹ́rin kọjá. Kékeré náà ni. Òṣìṣẹ́ mìíràn tún fẹ́ yà wá, ó ní kí n bọ́ síwájú. Súlìyát kò pariwo. Ó kàn di ọwọ́ mi mú, ó wo ọkùnrin náà lójú, ọkùnrin náà sì fi wá sílẹ̀ láti jókòó pọ̀. N kò rántí ìkùukùu kan lọ́jọ́ náà. Èékánná Súlìyát lápá mi ni mo rántí, àti pé ó ń ka "Nne gị na-abịa" lábẹ́lẹ̀ léraléra, bí ẹni pé ọmọ náà lè gbọ́.

Nígbà tá a bọ́ sílẹ̀ ní Ìkẹjà, ó fi mí sílẹ̀ lẹ́yìn. Ó ń bi gbogbo ẹni tó bá pàdé, pẹ̀lú èdè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọlọ́pàá kan nawọ́ sí ìpẹ̀kun gbọ̀ngàn, níbi yàrá kékeré kan tí àwọn agbálẹ̀ ń kó ìgbálẹ̀ àti korobá sí.

Ó wà níbẹ̀. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí n tún rí irú ìdùnnú tó ń dunni báyẹn. Agbálẹ̀ kan, ìyá àgbàlagbà, jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì. Nàfísàt jókòó tì í, búrẹ́dì wà lọ́wọ́ rẹ̀ tí kò jẹ. Ọmọ Nkwelle Ezunaka ni ìyá náà, kò jìnnà sí Onitsha wa rárá. Ó ní ẹ̀yìn korobá lòun ti rí i, ó ká jọ, ó fi ọwọ́ méjèèjì di etí, òun sì ti jókòó síwájú rẹ̀ láti ọ̀sán yẹn, òun ń bá a sọ̀rọ̀ ilé.

Súlìyát kúnlẹ̀. "Nàfísàt. Nwa m. Ọmọ mi." Ó na ọwọ́ méjèèjì.

Ọmọ náà kò dìde. Ó wo ìyá rẹ̀, ó wo Yúnúsà tó ń sùn lẹ́yìn rẹ̀, ó sì tún wo ìyá rẹ̀. Ìgbò ló fi sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà rọrùn débi pé èmi náà gbọ́ ọ.

"Mo rí yín láti ojú fèrèsé. Mo gbá gíláàsì. Yúnúsà lẹ gbé, ẹ sọ̀ kalẹ̀."

Súlìyát tó lè fi ẹnu ta aṣọ fún ẹni tí kò wá ra aṣọ, Súlìyát tó bá gbogbo Main Market takùrọ̀sọ, kò rí ọ̀rọ̀ kan sọ. Ó tú ọ̀já, ó sọ Yúnúsà kalẹ̀, ó sì gbé e fún mi láì wẹ̀yìn. Ó wá yíjú sí ògiri, ó bẹ̀rẹ̀, ó sì tẹ́ ẹ̀yìn sílẹ̀ fún ọmọ ọdún mẹ́fà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti gùn ju kí wọ́n pọ̀n ọ́n lọ.

Ó pẹ́ lórí ìbẹ̀rẹ̀ yẹn kí ọmọ náà tó dìde, tó sì gun ẹ̀yìn ìyá rẹ̀.